Màmá Funfun Ń Retí Ọ̀pọ̀lọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí funfun ń jẹ́, ẹ̀yìn ilé ìjọsìn kan ni kí ẹ gbà. Ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí àwọn akọrin ti ń múra, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kúkurú kan, ẹ ó sì bá obìnrin kan tó tẹ̀ síwájú ọpọ́n ìfọṣọ onísìmẹ́ńtì, tí ọwọ́ rẹ̀ rì sínú omi ọṣẹ títí dé ìgúnpá. Màmá Funfun ni gbogbo ìjọ ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbìkan, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló ṣì ń fi pè é.

Aṣọ àwọn akọrin àti aṣọ tábìlì Olúwa ló ń fọ̀. Láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń ṣe é, àbígbẹ̀yìn ọ̀hún sì ti di ẹni tí ń wọ awò ojú lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Kò sí àbàwọ́n tí Màmá Funfun kò tíì bá jà rí: wáìnì, ìda àbẹ́là, ọ̀dà ètè àwọn olóhùn òkè, òróró ìpara tí àwọn ọkùnrin ń fi ọrùn wọn nù sára kọ́là. Òun ló borí gbogbo wọn. Bí àwọn akọrin bá ń wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á máa dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀run dé, bẹ́ẹ̀ a mọ ilé kálukú. Àlejò á tẹ̀ sí ẹni tó jókòó tì í, á ní, "Ta ló ń fọ àwọn aṣọ yìí?" Wọ́n á nawọ́ sí obìnrin kúkúrú kan lórí àga ẹ̀yìn, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, tí etí rẹ̀ sì ti nà bíi ti ehoro.

Àmọ́ kì í ṣe aṣọ ló gba obìnrin yìí lọ́kàn ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí. Ohùn kan ló ń wá.

Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Báàsì. Pọ́lọ́mbà ni, oníṣẹ́ páìpù àti ẹ̀rọ omi, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn náà sì jinlẹ̀ débi pé àga á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀. Ilé tí ìjọ fún wọn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, yàrá méjì àti ilé ìdáná, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tó kọjú sí odò kékeré kan. Odò náà kò fẹ̀ ju ohun tí ọmọdé lè fò kọjá lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á pè é ní gọ́tà. Àmọ́ nígbà òjò, bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ sì ń pọ́n lórí òrùlé àwọn aládùúgbò, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kéékèèké á kọ́kọ́ dán ọ̀fun wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó tẹ̀lé wọn á gbè é, títí kọ̀ǹkọ̀ ńlá kan á fi dá sí i láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ẹni tí ó ti ń dúró kí gbogbo ọmọdé parí ọ̀rọ̀ wọn.

"Gbọ́," Bàbá Báàsì á ní. "Ẹlẹ́gbẹ́ mi ti dé."

Á gbé àga síta, ìyàwó rẹ̀ á gbé tirẹ̀ náà, wọ́n á mu tíì. "Àwọn wọ̀nyí," á tún ní, "wọn kì í pẹ́ dé, wọn kì í bá ọ̀gá akọrin jà, kò sì sí èyí tó ń sọ pé òun ni kí wọ́n fún ní orin àdákọ. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń darí wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn mu." Lẹ́yìn náà á wá ohùn kọ̀ǹkọ̀ náà rí, á rọra bọ́ sábẹ́ rẹ̀, á máa kùn. Ìyàwó rẹ̀ á gba ohùn kejì. Àwọn ọmọ wọn á ti sá wọlé nítorí ìtìjú, wọ́n á ti fèrèsé pa. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kò tijú. Ó dá Màmá Funfun lójú pé nígbà tí Ẹlẹ́dàá wo gbogbo ohun tó dá, tó sì rí i pé ó dára, ìrọ̀lẹ́ ni, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Ní ti omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá àgbà tó kọ́ Màmá Funfun níṣẹ́, ẹni tó ti di olóògbé tipẹ́, ti kìlọ̀ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé omi tó bá ti kan aṣọ tábìlì Olúwa kò gbọdọ̀ bá omi ilé ìgbẹ́ pàdé. Orí ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá ni kí ó dà á sí. Gbogbo ojú ihò omi tó wà nínú ọgbà ìjọ ló sì ń lọ sínú kòtò ilé ìgbẹ́. Nítorí náà Màmá Funfun á máa gbé omi náà ní korobá lọ sí bèbè odò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ dé ìdajì kó fi í sílẹ̀. Ó rò ó pé bí aṣọ tábìlì bá jẹ́ mímọ́, aṣọ àwọn tó ń kọrin níwájú tábìlì ńkọ́? Ta ló mọ ibi tí ìwà mímọ́ parí sí lára aṣọ? Ó wá ń gbé gbogbo rẹ̀, omi àkọ́kọ́ àti omi ìkẹyìn, tọṣẹ tọṣẹ.

Ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ní ọjọ́ kan ọkọ rẹ̀ dúró wò ó bó ṣe ń gbé korobá, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, bí ẹ̀yìn rẹ ṣe wà yìí ti tẹ́ mi lọ́rùn. Má tẹ̀ ẹ́ jù báyìí mọ́." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti la ògiri, ó ti gbẹ́ ilẹ̀, ó ti ri páìpù kan mọ́lẹ̀ láti ìdí ọpọ́n ìfọṣọ títí dé odò. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọ. Iṣẹ́ ńlá tó ṣe kẹ́yìn nìyẹn kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Bí obìnrin náà bá ti fa èdídí ìdí ọpọ́n yọ, tí omi sì ń kọ gbuuru lọ nínú ògiri, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tí wọ́n pè ní olólùfẹ́.

Láàárín ìgbà náà ni ọ̀gá akọrin tuntun dé, ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ mú ju etí rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ràn funfun. Ẹgbẹ́ akọrin ń pọ̀ sí i, aṣọ ń pọ̀ sí i, ọṣẹ lásán kò sì tó mọ́. Màmá Funfun ra bílíìṣì, omi oògùn tí í bó àwọ̀ kúrò lára aṣọ, ó ra búlúù, ó ra sítáàṣì. Ó ń lò wọ́n ní ìlò ìyá tí ń bọ́ ọmọ, kó má bàa kù díẹ̀ káàtó. Òkìkí rẹ̀ sì kàn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Bàbá Báàsì kú.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin náà gbé àga síta. Ó gbé méjì. Ìgbà tó gbé tíì dé ló rí i pé ife méjì ló wà lọ́wọ́ òun. Ó jókòó, ó ń retí. Omi ń kán láti etí òrùlé, ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé ní ilé kejì, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo nǹkan dákẹ́. Ó ní òjò náà ni kò tíì tó. Òjò kejì rọ̀, ti kẹta rọ̀. Odò náà kún, kò sì sí ohùn kankan nínú rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn náà ń ṣọ̀fọ̀ ni. Nígbà tó yá, ó bínú sí wọn. Nígbà tí ìbínú tán, ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ tó gbọ́ wọn kẹ́yìn, kò sì rántí. Ó lè jẹ́ ọdún kan ṣáájú ikú, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ikọ́ ọkọ rẹ̀ ló gba gbogbo etí rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ẹnìkejì yín mọ̀ pé nǹkan kéékèèké ló ń mú ènìyàn. Ó ti sunkún lórí ibojì tán, ó ti kó aṣọ ọkọ rẹ̀ fún àwọn tí ó tọ́ sí. Àmọ́ ó gbà gbọ́, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pé bí òun bá lè gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré ní ìrọ̀lẹ́, òun á mọ ibi tí òun ti máa bá orin náà lọ.

Ó wá gbé e lọ sí ìpàdé àdúrà. Pásítọ̀ wọn, tí kò ju ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ kejì lọ, ń béèrè ohun tí kálukú ń fẹ́.

"Màmá, kí ni ká bá yín gbé síwájú Olúwa?"

"Ọ̀pọ̀lọ́."

"Ẹ ní kí ni, Màmá?"

"Ọ̀pọ̀lọ́, Pásítọ̀. Kí wọ́n padà wá."

Pásítọ̀ pa ojú dé, ó là á. "Màmá, láti ìgbà tí mo ti ń wàásù, àwọn tí mo mọ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ wá bá nílé, Fáráò àti àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kó lọ ni."

"Àwọn yẹn ò mọ orin ni," ni Màmá Funfun dáhùn.

Wọ́n gbàdúrà náà. Pásítọ̀ gbà á kúkurú, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

Àwọn ọmọ gbọ́ ọ. Àkọ́bí rẹ̀, tó wà lókè òkun, pè é lórí fóònù. "Màmi, ọ̀pọ̀lọ́ ló ń dà yín láàmú? Ẹ dúró." Kò pẹ́ tó fi ohùn ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ọ̀pọ̀lọ́ lóríṣiríṣi, wọ́n ń han ganran. Ìyá rẹ̀ fi sí etí, ó gbọ́ ọ tán. Ó pè é padà.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ," ó ní. "Àmọ́ àwọn yẹn ò mọ̀ mí."

Àbígbẹ̀yìn náà pè. "Màmi, ẹ ṣáà máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Yàrá yín ti wà ńlẹ̀."

"Ṣé odò wà níbẹ̀?"

"Odò kẹ̀! Kò sí odò, àmọ́ iná kì í lọ."

"Ọmọ mi, iná ò lè kọrin."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà títí di ọjọ́ afẹ́fẹ́ kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá aṣọ tán nígbà tí afẹ́fẹ́ fà á, ó sì já aṣọ ọ̀kan nínú àwọn olóhùn òkè gbà lórí okùn, ti obìnrin kan tí kì í lè dúró jẹ́ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Aṣọ náà fò, ó bà, ó tún fò. Màmá Funfun ń sáré tẹ̀lé e, ó ń pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé ẹni tó ni ín wà nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bá odò lọ sókè, ó kọjá ibi tí koríko ga dé orúnkún, títí aṣọ náà fi há sára igi kékeré kan níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, lókè réré, níbi tí ohùn láti ibẹ̀ kò lè dé ilé rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Láti ìgbà tí páìpù ti ń gbé omi fún un, kí ló fẹ́ wá ṣe ní odò?

Ó tẹ̀ láti gba ìdí aṣọ kúrò nínú omi, ó sì rí wọn.

Wọ́n dúdú, wọn kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, wọ́n sì ní ìrù. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni, àwọn tí kò tíì ní ẹsẹ̀, wọ́n kún inú omi tó rọra dúró lẹ́bàá òkúta, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń yí, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Lámilámi kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú ń fò lórí wọn. Màmá Funfun kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ti gbàgbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣé, Olúwa, ẹ ṣé, ẹ ò pa wọ́n tán," ó fi ìka kan kan omi, wọ́n sì tú ká, wọ́n tún padà wá.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè, ó sì ń wo bí odò náà ṣe ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e padà wálẹ̀. Ewéko tútù wà lára òkúta, kòkòrò ń rìn lórí omi. Ó ń rí wọn, ó ń rí wọn, títí ó fi dé ibi tí ẹnu páìpù yọ láti inú ilẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, òkúta funfun bí eegun. Koríko etí omi ti gbó, ó sì ti jóná láìsí iná. Kò sí ohun tó ń mira. Omi ìfọṣọ àárọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń kán tó, tó, tó láti ẹnu páìpù, ó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, ó sì ń rùn. Ó mọ òórùn náà. Òórùn ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀. "Olúwa," ó ní, "èmi ni?"

Àrá kò sán. Páìpù ń kán. Ó wá yé e pé láti ìgbà tí òun ti ń gbàdúrà ni Ọlọ́run ti ń dá òun lóhùn láti òkè odò wá, òun ló sì ń da bílíìṣì lé ìdáhùn náà lórí.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń rán aṣọ akọrin wá mú èyí tó fàya. Ìyá Aránṣọ ni wọ́n ń pè é. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ sì mú jù ú lọ. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí. Màmá Funfun sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo fẹ́ dí páìpù náà," ó ní.

"Páìpù ọkọ rẹ?"

"Òun náà."

"O fẹ́ dí páìpù ọkọ rẹ nítorí ọ̀pọ̀lọ́."

"Nítorí ọkọ mi ni."

"Ọkọ rẹ ló rì í mọ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́!" Ìyá Aránṣọ fi abẹ́rẹ́ gún kọ́là. "Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tuntun ni wọ́n ń pín ní ìpàdé àdúrà ni?"

"Ìyá àgbà ló ní ká máa da omi náà sórí ilẹ̀. Mo ṣe bó ṣe wí. Mo ṣe é tọkàntọkàn."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "O ò gbọ́ ìyá yẹn yé. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Omi lásán ló ń wí. Aṣọ tábìlì nìkan, omi tí a kọ́kọ́ fi ṣan wáìnì kúrò lára rẹ̀, kí ọṣẹ tó kàn án. Ife omi kan! Ìwọ lo sọ gbogbo ayé di mímọ́, títí kan ìbọ̀sẹ̀ ọ̀gá akọrin."

Màmá Funfun rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ó di ẹkún, Ìyá Aránṣọ sì fi aṣọ akọrin nù ún lójú, èyí tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

"Mo fi ìwà mímọ́ pa ohun tí Ọlọ́run fọwọ́ ara rẹ̀ dá," ó ní.

"O ò mọ̀ ni. Ní báyìí o ti mọ̀. Ẹ̀dùn ọkàn ibẹ̀ nìyẹn."

Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, ó fa àpótí irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn. Kò tíì ṣí i láti ìgbà ìsìnkú. Òórùn gíríìsì àti irin jáde, ó sì ní láti dúró ná. Bàbá Báàsì kì í ra nǹkan ní ẹyọ kan. Ìdérí páìpù tó bá ẹnu páìpù náà mu wà níbẹ̀, tuntun, nínú ọ̀rá. Obìnrin náà ti wo ọwọ́ ọkùnrin yẹn tó láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó lọ sídìí ọpọ́n, ó wé tépù funfun sí ẹnu páìpù bí ẹni tó ń wé ojú ọgbẹ́, ó gbé ìdérí sí i, ó yí i. Ó yí i títí ọwọ́ rẹ̀ fi dùn ún. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri níbi tí páìpù náà gbà kọjá.

"Má bínú," ó ní. "Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ ni mò ń wá."

Láti ọjọ́ yẹn, korobá dé. Omi ọṣẹ ń lọ sínú kòtò ilé ìgbẹ́ níwájú, omi àkọ́kọ́ aṣọ tábìlì, ife kan péré, ń lọ sídìí òdòdó. Ó kọ́kọ́ rò pé òun lè máa lo bílíìṣì lọ, kí òun ṣáà da omi rẹ̀ sínú kòtò. Àmọ́ níbo ni kòtò náà ń mu omi rẹ̀ lọ? Inú ilẹ̀ kan náà ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kan náà. Ẹni tó ni ilẹ̀ kò ní ẹ̀yìnkùlé tí kì í wò. Ó kó àwọn ike bílíìṣì náà padà fún ẹni tó ń tà á. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ọṣẹ lásán, apá rẹ̀, àti oòrùn. Ó ń tẹ́ aṣọ sórí koríko kí oòrùn lè bó o. Oòrùn ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe.

Kí oṣù tó yí po, ọ̀gá akọrin dúró lórí àtẹ̀gùn, ó gbé aṣọ kan sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Kí ló ṣe aṣọ wa?"

"Ó ti mọ́."

"Ó mọ́ lóòótọ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ ó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí."

"Tíì ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

"Màmá! Àjọ̀dún ìjọ ń bọ̀. Akọrin ìjọ mìíràn ń bọ̀ wá jókòó tì wá, aṣọ tiwọn á máa kọ mànà."

"Ṣé ojú ni àwọn èèyàn ń fi gbọ́ orin yín ni?"

Ó sọ ìdí rẹ̀ fún un, ó mú un lọ wo òkúta funfun náà pàápàá. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó wo òkúta, ó wo bàtà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ní, "Ó mà ṣe o." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. A ó gbé aṣọ lọ sí ilé ìfọṣọ ìgboro. Kí ẹ̀yin náà lè sinmi."

Màmá Funfun fúnra rẹ̀ ló ká àwọn aṣọ náà fún wọn. Ó mọ ti kálukú: èyí tí apá rẹ̀ gùn, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ kì í pẹ́ já, èyí tó ń run àgbo. Ti Bàbá Báàsì ṣì wà láàárín wọn, ọkùnrin mìíràn ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. Ó ká a kẹ́yìn, ó gbé e sókè. "Ẹ bá mi béèrè ibi tí omi tiwọn ń lọ," ó sọ fún ọ̀gá akọrin. Ọkùnrin náà ní òun á béèrè, ó sì gbàgbé, bí ọkùnrin ṣe ń gbàgbé ohun tí obìnrin bá bá a sọ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Funfun náà kò jẹ́ kó sinmi. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tó bá ti rí i, á ní, "Omi ńkọ́?"

Ní ọjọ́ àjọ̀dún, àwọn akọrin wọlé, wọ́n ń dán. Àlejò kan tó jókòó sí àga ẹ̀yìn yíjú sí obìnrin kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fọ aṣọ wọn?"

"Ẹ̀rọ ni," Màmá Funfun dáhùn, ó sì ṣí ìwé orin rẹ̀. Kò rọrùn fún un. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ka ojú ìwé kan náà títí orin fi parí. Àmọ́ nígbà tó ń gbé ìwé náà sílẹ̀, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀, tí bílíìṣì ti ń là fún ọdún púpọ̀. Ó ti ń jinná. Ó di ọwọ́ ẹnìkan tó mọ̀ nígbà èwe.

Òjò ọdún náà ń rọ̀, ó sì ń lọ sópin. Kò sí ohùn. Ìyá Aránṣọ ní kó gbé abọ́, kó lọ bu àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ náà wá sísàlẹ̀, ká fi òpin sí ọ̀rọ̀. Ó gbé abọ́ lọ lóòótọ́. Ó bù wọ́n, wọ́n ń yí nínú abọ́ funfun náà bí àmì orin tó já kúrò lórí ìlà. Ó dúró pẹ́. Bí ó bá kó wọn wá sí ibi tí omi kò tíì sàn, wọ́n á kú lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó rọra dà wọ́n padà. "Ẹni tó dá yín mọ ọ̀nà ilé mi," ó ní, ó sì gbé abọ́ òfo sọ̀kalẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ gbogbo lẹ́yìn ìyẹn, ó ń lọ wo òkúta. Àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ padà, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà kòkòrò orí omi. Lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó sì ní láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí.

Ìgbà òjò tó tẹ̀lé e ni. Òjò ti dá, ìmọ́lẹ̀ ń pọ́n lórí òrùlé. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, àga kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ wà lórí fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ nípa eyín ọmọ rẹ̀ tó ń yọ. Láàárín ọ̀rọ̀ náà, ìyá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni pé ọmọ ń rí i.

"Dákẹ́."

"Màmi? Kí ló dé?"

"Dákẹ́ ná, ọmọ mi."

Ó na fóònù náà sí ọ̀nà odò. Ohùn kan dún, ẹyọ kan ṣoṣo, láti ibi ẹnu páìpù tó ti gbẹ. Ó jinlẹ̀, ó kúrú, ó sì dákẹ́.

"Màmi, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Dúró."

Wọ́n dúró, ìyá níhìn-ín, ọmọ lọ́hùn-ún. Omi ń kán láti etí òrùlé. Ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó dà bí ẹni tó ń hanrun," ni ọmọ wí. Ìgbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí. "Màmi. Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun kọ́," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ni."

Ó gbé fóònù náà ka orí àga kejì, láìpa á, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè máa gbọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó dá ọ̀pọ̀lọ́ náà lóhùn. Ó lè dá wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá Funfun fa ìborùn mọ́ra, ó wá ohùn tirẹ̀ rí níbi tó fi í sí, ohùn kejì, ó ti há díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró, ó sì dẹ etí sílẹ̀.